Ọjọ́ Kan Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Ọ̀sẹ̀

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi,

Ẹ kú àárò wa o. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ẹ ń fi òróró tí mo fi ránṣẹ́ pa á, àbí ẹ ti gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì gẹ́gẹ́ bí ìṣe yín? Àwa wà lálàáfíà lókè òkun níbí. Ọkọ mi ṣì ń wa tírélà rẹ̀ káàkiri. Àárọ̀ Mọ́ńdè ló ń jáde, alẹ́ Sátidé ló ń wọlé, a wá di tọkọtaya ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan. Àwọn ọmọ yín méjèèjì ń kí yín. Àǹtí ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ti ń pàṣẹ fún mi nínú ilé. Aláròyé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, tíṣà rẹ̀ sì ní òun ò rí irú ọmọ ọdún márùn-ún bẹ́ẹ̀ rí: wọ́n ní kó tò sórí ìlà, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ìdí rẹ̀ fún òun.

Ǹ bá pè yín, ṣùgbọ́n ẹ ní etí yín ò gba fóònù mọ́, ẹ sì ní ẹni tí kò bá lè kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kò tíì rò ó tán. Ó dáa, mo ti rò ó tán. Inú ń bí mi.

Ilé ìwé àwọn ọmọ ti yọ Fúráìdè kúrò. Láti ìsinsìnyí lọ, Mọ́ńdè sí Tọ́sìdè ni. Wọ́n ní owó ò sí. Ẹ̀rọ tó ń mú kíláàsì gbóná, epo bọ́ọ̀sì, owó àwọn tó ń gbálẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ti wọ́n, bí wọ́n bá sì tilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, wọ́n á rí nǹkan fi pamọ́. Wọ́n pè wá sí ìpàdé, wọ́n fún wa ní bisikíìtì, wọ́n wá sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ ti parí kí wọ́n tó pè wá. Bàbá kan béèrè pé ta ni yóò máa bá òun jókòó ti ọmọ. Ọ̀gá ilé ìwé rẹ́rìn-ín, ó ní àǹfààní ńlá ni fún ìdílé láti wà pọ̀.

Ìdílé wo? Fúráìdè ni iṣẹ́ wa máa ń pọ̀ jù nílé ìfọṣọ. Aṣọ ibùsùn tí gbogbo ilé ìwòsàn máa lò ní Sátidé àti Sọ́ńdè, Fúráìdè la máa ń fọ̀ ọ́, tí a máa ń lọ̀ ọ́, tí a máa ń ká a. Ọ̀gá wa ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí kò bá lè wá ní Fúráìdè, kó má wá ní Mọ́ńdè.

Ẹ bá mi gbàdúrà. Mi ò béèrè nǹkan mìíràn.

Ọmọ yín.


Ogúnjọ́, oṣù kẹsàn-án

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ mi. Orúnkún mi wà níbi tó wà. Òróró rẹ ń rùn, n kò sì fẹ́ kí àlejò máa béèrè ẹni tó kú sínú ilé mi.

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà. Sọ òótọ́ fún bàbá rẹ. Ṣé wọ́n lé àwọn ọmọ náà ni? Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà, mo fi mọ́kànlá nínú rẹ̀ ṣe hẹ́dímásítà, mo mọ bí òbí ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí owó ilé ìwé bá há. Wọn kì í sọ pé àwọn ò rí i san. Wọ́n á ní ọmọ ń ṣòjòjò, wọ́n á ní ìyá àgbà kú, ìyá àgbà kan náà á sì kú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ èyí tó ní ilé ìwé fúnra rẹ̀ ló fagi lé ọjọ́ Ẹtì.

Nígbà tí atẹ́gùn ká òrùlé kíláàsì mẹ́ta lọ, ṣé o rántí, abẹ́ igi la kó àwọn ọmọ sí. Nígbà tí wọn ò san owó oṣù wa, a kùn, a bú wọn, a sì lọ síbi iṣẹ́. Ilé ìwé tó bá tilẹ̀kùn kó lè fowó pamọ́, kí ló fẹ́ fi owó náà ṣe?

Bó bá jẹ́ òótọ́, wọ́n á ti kọ ọ́ sínú ìwé. Fi ìwé náà ránṣẹ́ kí n fojú ara mi rí i. Kí o sì dáhùn ohun kan tí o fò bí ẹni fo gọ́tà: ta ló máa ń wà pẹ̀lú àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ Ẹtì?

Bàbá rẹ,
Hẹ́dímásítà àná.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí. Ìwé tí ẹ béèrè ló wà nínú àpòòwé yìí. Orúkọ ọ̀gá ilé ìwé àti àdírẹ́sì wọn wà lókè, òǹtẹ̀ wọn wà nísàlẹ̀, ẹ lè fi gíláàsì yín wò ó dáadáa. Bàbá, mo ti di ìyá ọlọ́mọ méjì, síbẹ̀ mo ní láti mú ẹ̀rí wá kí ẹ tó gbà mí gbọ́. Ó dùn mí o.

Ìbéèrè yín, mo fò ó nítorí mo mọ̀ pé ẹ ò ní sùn. Kò sí ẹni tó máa ń wà pẹ̀lú wọn.

Mo wá èèyàn títí, ó sú mi. Ìyá arúgbó tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa ní ẹ̀yìn ń dun òun. Àwọn ìyá tí ọmọ wọn wà nílé ìwé náà, àwọn náà ń wá ẹni tó máa bá wọn wo tiwọn. Àwọn tó ń gbowó wo ọmọ, ohun tí wọ́n ń gbà lọ́jọ́ kan ju ohun tí èmi fúnra mi ń gbà lọ.

Nítorí náà, láàárọ̀ Fúráìdè, mo máa ń se ẹyin, màá gé búrẹ́dì, màá gbé omi sórí tábìlì, màá yọ wáyà sítóòfù. Màá wá pe Àǹtí, màá ní, "Bí ẹnikẹ́ni bá kanlẹ̀kùn, ní kó máa lọ. Má sún mọ́ fèrèsé. Bí Aláròyé bá sunkún, sọ ìtàn fún un." Á ní, "Mo ti gbọ́, Mọ́mì, ẹ máa pẹ́." Màá tilẹ̀kùn láti ìta. Bí mo bá ṣe ń sọ̀kalẹ̀, màá máa gbọ́ Aláròyé tó ń bi Àǹtí ní ìbéèrè, ohùn rẹ̀ á tẹ̀ lé mi dé ìsàlẹ̀. Nídìí ẹ̀rọ ìlọṣọ, ọwọ́ mi nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ igun aṣọ kan títí ó fi jó.

Mo sọ fún yín nítorí pé ẹ̀yin ni bàbá mi. Ọkọ mi mọ̀, inú rẹ̀ ò dùn sí i, ṣùgbọ́n orí títì ló máa ń wà. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ kọjá ọ̀dọ̀ yín. Níbí, wọn kì í fi irú ẹ̀ ṣeré.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹwàá

Ọmọ mi,

Mo rí ìwé náà. Òótọ́ lo sọ, má bínú sí mi lórí ìyẹn. Gírámà inú rẹ̀ dára, ìtìjú ni kò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kejì, kò ṣe é gbé mì. Ọmọ méjì, o tì wọ́n mọ́lé láti ìta! Bí iná bá ṣẹ́ yọ ńkọ́? Bí Aláròyé bá gbé nǹkan mì ńkọ́? Ewúrẹ́ lèèyàn ń tì mọ́lé. Mo bínú sí ọ, mo bínú sí ọkọ rẹ, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ mo ti ń bínú sí àga tí mo jókòó lé.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ìwé wọn. Má fò sókè. Mo kọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí hẹ́dímásítà ṣe ń kọ̀wé sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní èdè wọn tí mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní gbogbo ọjọ́ ayé mi. Mo kí i kú iṣẹ́. Mo ní mo mọ bí ẹrù ilé ìwé ṣe ń wúwo lọ́rùn. Mo wá ṣàlàyé fún un pé nítorí ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n gbà yìí, ọmọ mi obìnrin, òṣìṣẹ́ tó ń forí ṣe fọrùn ṣe, ń ti ọmọ méjì mọ́lé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá àyè fún wọn, kódà kó jẹ́ igun ọ́fíìsì rẹ̀, kí wọ́n jókòó síbẹ̀ kí wọ́n máa yàwòrán. Mo kọ orúkọ wọn àti kíláàsì wọn kó má baà ṣì wọ́n mú.

Mo mọ̀ pé o ní kó má kọjá ọ̀dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n tíṣà ọmọ ẹni kì í ṣe ará ìta. O ṣì máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Bàbá rẹ,
Hẹ́dímásítà àná.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá

Ọmọ mi,

Mo kí ọ títí, n kò gbúròó rẹ. Ẹni tó ń pín lẹ́tà ládùúgbò wa ti mọ̀ mí débi pé láti òkèèrè ló ti ń juwọ́ pé kò sí. Ṣé ọ̀gá ilé ìwé náà ti pè ọ́? Àyè wo ló fún wọn? Mo ra pẹ́ńsùlù aláwọ̀ mèremère fún wọn, mo ti fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí wọ́n má baà jókòó lásán lọ́fíìsì rẹ̀.

Bí o bá ń bínú, bínú sórí ìwé kí n lè kà á. Ìdákẹ́ rẹ ń bà mí lẹ́rù.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá

Bàbá,

Ẹ kú ilé. Mo dákẹ́ nítorí pé ohun tó wà lẹ́nu mi kì í ṣe ohun tí ọmọ ń sọ sí bàbá rẹ̀. Mo ti yọ èyí tó burú jù kúrò. Ẹ ka èyí tó kù.

Ọ̀gá ilé ìwé gba lẹ́tà yín. Ó kà á, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ó ní òfin ló ní kí òun ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin méjì wá kan ilẹ̀kùn wa ní Fúráìdè. Títì ló wà, àwọn ọmọ ò lè ṣí i. Àǹtí ní kí wọ́n máa lọ, òun ò mọ̀ wọ́n. Wọ́n pè mí níbi iṣẹ́, ọ̀gá mi gbọ́, gbogbo ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ gbọ́. Nígbà tí mo máa délé, ọlọ́pàá ti wà lórí àtẹ̀gùn, ìyá arúgbó ìsàlẹ̀ sì ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí.

Wọ́n wọlé. Wọ́n ṣí fíríìjì. Wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n mú Aláròyé lọ sí yàrá, wọ́n ní ṣé Mọ́mì máa ń lù ú. Ọmọ tí kì í panu mọ́, ó panu mọ́. Bàbá, láti ọjọ́ náà, kò bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́. Ó ti padà ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n fún mi títí di ìparí oṣù kìn-ín-ní. Kí n mú àgbàlagbà kan wá tó máa wà pẹ̀lú wọn ní gbogbo Fúráìdè, kó fọwọ́ síwèé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á kó wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹlòmíràn, Bàbá! Ẹni tí a ò mọ̀ rí!

Mo bẹ̀ yín pé kó má kọjá ọ̀dọ̀ yín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba, ẹ kà á, ẹ sì ṣe tinú yín. Ẹyin lohùn. Èyí tó bọ́ lọ́wọ́ yín yìí, èmi ni mò ń ṣa èèpo rẹ̀ nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni mọ́ lórí ọ̀rọ̀ mi. Pẹ́ńsùlù yín ti dé. Mi ò tíì fún wọn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹta, oṣù kejìlá

Ọmọ mi,

N kò mọ bí màá ṣe kí ọ. Mo ka lẹ́tà rẹ, mo bọ́ gíláàsì mi sílẹ̀, n kò ka nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, kì í ṣe láti gba ara mi sílẹ̀. Nígbà tí mo jẹ́ hẹ́dímásítà, bí òbí bá kọ̀wé sí mi pé ilé le, n kì í pe ọlọ́pàá. Màá ní kí ọmọ náà máa bọ̀ nílé mi. Ṣé o rántí ọmọ Kápẹ́ńtà? Ṣé o rántí àwọn ìbejì tí ìyá wọn wà nílé ìwòsàn? Ìwọ lo bá wọn pín ẹní, ìwọ lo ń sunkún pé wọ́n ń fa aṣọ ìbora mọ́ ọ lára. Kò sí ẹni tó fọwọ́ síwèé kankan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé mò ń kọ̀wé sí.

Ọ̀gá ilé ìwé yẹn kọ̀wé sí èmi náà. Ìlà mẹ́rin péré. Ó dúpẹ́ pé mo ta wọ́n lólobó, ó ní ọ̀rọ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn tó yẹ. Mo ní ẹlẹgbẹ́ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àṣé ẹjọ́ ọmọ mi ni mò ń rò. Inú mi bàjẹ́, ojú sì ń tì mí. Má bínú, ọmọ mi.

Mo fẹ́ wá. Màá jókòó tì wọ́n, màá fọwọ́ sí ìwé yòówù kí wọ́n gbé síwájú mi. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń gba físà. Ẹni tó wà lójú fèrèsé wo ọjọ́ orí mi, ó wo ọ̀pá ọwọ́ mi, ó ní kí n padà wá gbọ́ èsì lóṣù kẹrin. Mo ní oṣù kìn-ín-ní là ń wí. Ó pe ẹni tó kàn.

Bí èmi ò bá lè wá, jẹ́ kí àwọn wá. Ilé ìwé tó kọjú sí ilé mi ń ṣí ní ọjọ́ márùn-ún. N kò sọ ọ́ nítorí pé mo fẹ́ wọn lọ́dọ̀ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́ wọn. Ọ̀dọ̀ bàbá ìyá wọn sàn ju ọ̀dọ̀ ẹni tí a kò mọ̀ lọ.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejìlá

Bàbá mi,

Mo kí yín. Lẹ́tà yín bí mi nínú, mo jù ú sílẹ̀, mo tún lọ ṣà á.

Mo bẹ ọ̀gá mi kó fi ọjọ́ mìíràn pààrọ̀ Fúráìdè mi. Ó ní aṣọ àwọn aláìsàn kì í dúró de ọmọ ẹnikẹ́ni. Mo ní kí n kúkú fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ọkọ mi ní owó tírélà nìkan ò ní gba ilé yìí dúró, wọ́n á tún wá kó àwọn ọmọ nítorí pé a ò nílé lórí. Mo ní kó fi tírélà sílẹ̀, ó ní kí òun wá máa ṣe kí ni. A jà. A ò jà báyẹn rí. Ìgbà tó yá, a jókòó sórí ilẹ̀ nínú kíṣìnì.

Wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Àwọn obìnrin méjì yẹn ní kò burú, níwọ̀n ìgbà tó bá ti jẹ́ ẹbí. Inú wọn tiẹ̀ dùn, wọ́n ní àwọn á lè pa fáìlì wa dé. Ọkọ mi ló máa mú wọn wá. Èmi ò lè wá, wọn ò fún mi láyè níbi iṣẹ́.

Aláròyé kì í sùn bí iná bá kú. Àǹtí máa ń ṣe bí ẹni tí kò bẹ̀rù nǹkan kan, ẹ má gbà á gbọ́. Orí máa ń tètè dùn ún bí wọ́n bá ń di irun rẹ̀, ẹ wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Mo sọ fún wọn pé ìsinmi ni wọ́n ń lọ. Aláròyé ní, "Títí di ìgbà wo?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí láti ọjọ́ náà nìyẹn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kìn-ín-ní

Ọmọ mi,

Wọ́n ti dé, wọ́n jẹun, wọ́n sùn. Ọkọ rẹ sunkún níwájú ilé, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè sun ún tán. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Aláròyé ti lanu: ó fẹ́ mọ ìdí tí irun fi ń jáde nínú imú mi, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti bẹ dókítà wò. Kò tọ̀ sílé mọ́.

Àǹtí ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ó ń kí mi, ó ń gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó ń ṣe gbogbo ohun tí ọmọ dáadáa ń ṣe. Lánàá ó bi mí pé, "Bàbá àgbà, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ lẹ́tà yẹn?" N kò mọ ẹni tó sọ fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Mò ń tọ́jú Aláròyé dáadáa. Kò fara pa rí lọ́wọ́ mi." Ó sì padà sídìí iṣẹ́ ilé ìwé rẹ̀. Èmi tí mo ti fi ohùn mi pa kíláàsì ogójì ọmọ lẹ́nu mọ́, mo jókòó tì í, mo ń bá a gbẹ́ pẹ́ńsùlù rẹ̀.

Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ ni mo ti ń wá ariwo ọmọdé nínú ilé yìí. Mo ti rí i báyìí, kò sì dùn lẹ́nu mi. Kọ̀wé sí wọn. Má kọ ọ́ sí mi, àwọn ni kí o kọ ọ́ sí.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ ṣé tí ẹ gbà wọ́n. Lẹ́tà tiwọn wà nínú àpòòwé yìí, ọ̀kan fún Àǹtí, ọ̀kan fún Aláròyé. Ẹ má ṣí i. Ẹ sọ fún Àǹtí pé Mọ́mì mọ̀ pé ó tọ́jú ẹ̀.

Mo ní nǹkan kan láti sọ fún yín. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo fà á ya. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá wa kó gbogbo wa jọ sídìí ẹ̀rọ. Ó ní ilé ìwòsàn ní owó ò sí, iná tí àwọn ẹ̀rọ wa ń jẹ ti pọ̀ jù. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, Mọ́ńdè sí Tọ́sìdè la ó máa ṣiṣẹ́. Aṣọ tí kì í dúró de ọmọ ẹnikẹ́ni ti wá ń dúró. Obìnrin tó ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi béèrè pé kí la máa wá fi Fúráìdè ṣe. Ọ̀gá ní ká lo àyè náà pẹ̀lú àwọn ọmọ wa.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n gbé omi wá fún mi.

Mo pe àwọn òṣìṣẹ́ yẹn lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní àwọn ti pa fáìlì dé. Bí mo bá fẹ́ kó àwọn ọmọ padà, ká tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n sì fi hàn wọ́n pé owó tó ń wọlé fún mi tó bọ́ wọn. Owó ọjọ́ mẹ́rin ò tó. Wọ́n ní kí n má bínú, òfin ni.

Òní ni Fúráìdè àkọ́kọ́. Mo jí, mo wẹ̀, mo múra bí ẹni tó ń lọ síbì kan. Mo ti gbá ilé lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ẹni tó dọ̀tí rẹ̀. Bàbá, ọ̀sán ò tíì pọ́n. Kí ni kí n máa ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú?

Ọmọ yín.